Orúkọ Tí Àwọn Òṣìṣẹ́ Ń Pe Ìwé

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé Uswat kò mọ iṣẹ́ rẹ̀, irọ́ ló pa! Òun ló ń tọ́jú yàrá ìwé ní ilé iṣẹ́ ìdérí ìgò kan ní Ìlúpéjú lọ́dún 1992, nígbà tí SAP, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba, ń fi ojú gbogbo wa rí màbo. Máníjà wọn, Ọ̀gbẹ́ni Adésànyà, ti pinnu pé tó bá di ọjọ́ Ẹtì, wọn ó sọ yàrá náà di ibi ìkó-ọṣẹ-sí. Kí Uswat, opó ọlọ́mọ mẹ́ta tí Màrdíyyàh jẹ́ àkọ́bí wọn, máa lọ sílé rẹ̀ ní Dopemu.

Ẹ̀ṣẹ̀ wo ló ṣẹ̀? Oṣù mẹ́jọ ló fi kó gbogbo ohun tó wà lára káàdì ìwé sínú kọ̀ǹpútà. Ètò inú kọ̀ǹpútà náà ní ààyè fún orúkọ ìwé, ẹni tó kọ ọ́ àti ibi tó wà. Uswat wá fi ààyè kan kún un fúnra rẹ̀, ìyẹn orúkọ tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pe ìwé. Àwọn yẹn kì í pe ìwé ní orúkọ tó wà lára rẹ̀ láé. Ẹ̀rọ ńlá tó ń gé ìdérí méjìméjì, Ìyá Ìbejì ni wọ́n ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé rẹ̀.

Adésànyà rí i, ó bú sẹ́rìn-ín. “Madam, àbí ìsọmọlórúkọ lẹ ń ṣe níbí?”

“Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, sà,” ni Uswat fèsì. Ẹ̀rín máníjà náà dùn ún gan-an, ṣùgbọ́n kò pa ààyè yẹn rẹ́.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, Ìyá Ìbejì dákẹ́ lójijì. Àwọn oníbàárà sì ń retí ìdérí lọ́la! Suara, àgbà mẹkáníìkì, ní òun kò lè fọwọ́ kàn án láìrí àwòrán inú ìwé rẹ̀. Adésànyà sáré dé ìdí kọ̀ǹpútà. Ó tẹ orúkọ ẹ̀rọ náà ní Gẹ̀ẹ́sì, òfo. Ó tẹ̀ ẹ́ lọ́nà mìíràn, òfo. Èdè Jámánì ni wọ́n fi kọ ìwé náà, ta ló rántí? Òógùn bò ó.

“Ẹ jẹ́ kí n jókòó, sà,” ni Uswat wí. Ó tẹ Ìyá Ìbejì. Ó jáde: kọ́bọ́ọ̀dù kẹrin, ìlà kejì.

Suara gbá ìwé náà mọ́ra. “Ìyá Màrdíyyàh, Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín!” Kò tó wákàtí méjì, ẹ̀rọ ti ń gé ìdérí padà, ariwo ayọ̀ sì gba gbogbo ilé iṣẹ́.

Adésànyà padà wá nírọ̀lẹ́. “Ta ló kọ́ yín ní èyí?”

“Àwọn tó ń lo ìwé ni mo bi léèrè, sà.”

Ọkùnrin náà nawọ́ sí i. “Kọ́kọ́rọ́ yàrá yìí dà?”

Uswat fi lé e lọ́wọ́. Adésànyà yọ lẹ́tà ìdádúró iṣẹ́ rẹ̀ nínú àpò, ó fà á ya, ó wá dá kọ́kọ́rọ́ padà fún un. “Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbà á lọ́wọ́ yín mọ́.”

Omi ayọ̀ bọ́ lójú Uswat, kò fi pamọ́. “Ẹ ṣeun, sà,” ló wí, “ṣùgbọ́n ẹ bá wa wá àga sí i. Èrò tó ń bọ̀ wá wá ìwé lọ́la máa pọ̀.”