Iwin Tó Wà Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn

Ọjọ́ tí onísinimá wá wo ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù wa, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ gíláàsì ojú ẹ̀. Fíìmù iwin ni o. Iwin náà yọ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ààfin kan tó ti dahoro, ó na ọwọ́ sí ọmọbìnrin tó ṣìnà wọ ibẹ̀, orin ń dún gìrìgìrì, ọkùnrin yìí sì ń di ikùn mú. Nígbà tó simi tán, ó nu ojú, ó wá béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá wa, olùdarí, pé ta ló rán aṣọ fún iwin. Ó ní aṣọ náà wu òun.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló rán an, òun náà ló sì wà nínú ẹ̀. Télọ̀ ni. Ọ̀gá ní kó rán ara iwin, tirun tawọ, tòun ti ojú mẹ́ta. Nígbà tó rán an tán, kò sí òṣèré kankan tó bá mu, torí pé ara ẹ̀ ló fi wọ̀n ọ́n. Mi ò mọ̀ bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ni. Láràárọ̀ tí a bá fẹ́ yàwòrán, á kọ́kọ́ ki áyọ́ọ̀nù bọ iná. Mo bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń lọ aṣọ iwin?" Ó ní òun ò lè wọ aṣọ tó rún síwájú èèyàn.

Èmi ni mò ń gé fíìmù náà tí mo sì ń tò ó pọ̀. Onísinimá ní òun á padà wá lọ́jọ́ Ẹtì. Bí ìbẹ̀rẹ̀ yìí bá dẹ́rù ba òun, òun á fi fíìmù náà hàn ní gbọ̀ngán òun. Bí kò bá dẹ́rù ba òun, ká máa gbé e lọ síbòmíì. Kò sì síbòmíì. Ọ̀gá wojú mi, ọ̀rọ̀ náà sì yé mi. Nínú ìtàn yìí, ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni iwin ti yọjú. Lẹ́yìn ìyẹn ó ti wọnú ọmọbìnrin náà, ó tán. Bí mo bá yọ iwin kúrò níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ni mo yọ kúrò nínú fíìmù pátápátá. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé òun ń bọ̀ nínú fíìmù, ó ti pe àwọn oníbàárà ẹ̀, ó ti sọ fún ọmọ ẹ̀. Òun ló sì tọ́ mi dàgbà lẹ́yìn ikú bàbá wa. Ẹ wá wo ohun tí iṣẹ́ ń sọ èèyàn dà.

Mo ti fèrèsé, mo pa fáànù. Èmi àti Elétí la jọ wà nínú yàrá. Elétí là ń pe ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀ fún wa, torí pé ó máa ń gbọ́ ohun tí kò kàn án. Orin la kọ́kọ́ yọ. Orin yẹn ló ń sọ fún èèyàn pé kó bẹ̀rù, ẹni tí wọ́n bá sì ní kó bẹ̀rù á kọ́kọ́ fẹ́ mọ ìdí. Lẹ́yìn náà, a dín ìmọ́lẹ̀ oòrùn ibẹ̀ kù títí ààfin fi dà bí ilé tí wọn ò tíì tanná sí. Ó dáa díẹ̀. Iwin yọ, Elétí bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kó jáde fún mi. Ó ní òun ò mọ̀ọ́mọ̀, ó sì jókòó síbi tó wà.

Àwòrán kan ló wá gbà wá sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí à ń dúró de ẹ̀gbọ́n mi kó wọ aṣọ ẹ̀, kamẹramáànù gbé kámẹ́rà kalẹ̀ lórí àpótí kékeré kan, ó bá tiẹ̀ lọ, ó gbàgbé láti pa á. Ilẹ̀kùn ló gba gbogbo àwòrán náà, láti ìsàlẹ̀ wá, bí ọmọdé ṣe máa ń wo ilẹ̀kùn yàrá àwọn àgbà. Ọmọbìnrin náà dúró níwájú ẹ̀, ó ń ro ti ara ẹ̀. Ilẹ̀kùn ò ṣí. Lẹ́yìn ẹ̀, nǹkan kan ń fa ara mọ́ ògiri, ó ń mí, ó dákẹ́, ó tún ń mí. Ẹ̀gbọ́n mi ni, síìpù ló há mọ́ ọn lẹ́yìn. Elétí yọ ibi tó ti ń bú síìpù kúrò. Ó fa ìyókù gùn, ó sọ ọ́ di ohùn ìsàlẹ̀, títí mímí náà fi dà bíi pé ilé yẹn gan-an ló ń mí.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Ojú ọmọbìnrin, ilẹ̀kùn. Ojú ẹ̀, ilẹ̀kùn, ó pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo yọ ìró ẹsẹ̀ ẹ̀ kúrò, kó lè dà bíi pé ilẹ̀ ló ń gbé e lọ. Nígbà tí mo tún padà sórí ilẹ̀kùn, mo fi í sílẹ̀ débi pé ọwọ́ ń yún mi kí n gé e, mi ò sì gé e. Ọwọ́ ilẹ̀kùn yí díẹ̀. Òkùnkùn. Orúkọ fíìmù. Elétí ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó dìde lọ tanná, ó ní òun ń wá péènì.

Lọ́jọ́ Ẹtì, onísinimá wò ó tán. Ó kàn ní ká jọ̀ọ́, ká ṣí ilẹ̀kùn yàrá sílẹ̀. Ó gba fíìmù wa.

Mo gbéra lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ní ṣọ́ọ̀bù kí n lè fẹnu ara mi sọ fún un. Aṣọ tí òun àti ọmọ ẹ̀ máa wọ lọ wo fíìmù ló ń rán.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́."

"Oò, káàbọ̀. Fíìmù wa ńkọ́?"

"Wọ́n ti gbà á. A kàn gé e díẹ̀ sí i ni."

Ó yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu. "Aṣọ tí wọn ò bá gé, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ rán an? Ẹ gé e. Orí mi nìkan ni kẹ́ ẹ má gé, torí ojú mẹ́ta yẹn fìyà jẹ mí."

"Kì í ṣe orí nìkan," ni mo wí.

"Ó ti dáa náà," ó dáhùn, ó sì ti padà sídìí máṣíìnì.

Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, tara ẹlòmíì ló bá mi dákẹ́. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń lọ, mi ò sì mọ ẹni tí mò ń bínú sí.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ẹ̀gbọ́n mi kó àwọn oníbàárà ẹ̀ kún ìlà ìjókòó kan. Èmi wà ní ìlà ẹ̀yìn wọn. Mi ò wo fíìmù, ẹ̀yìn ọrùn ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń wò. Mímí yẹn bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó wúkọ́. Obìnrin kan nínú àwọn oníbàárà di ọwọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí mú. Ọwọ́ ilẹ̀kùn yí. Ẹ̀gbọ́n mi tún kọ́là ẹ̀ ṣe, ó na ọrùn, ó ń dúró de ara ẹ̀.

Òkùnkùn. Ẹnì kan ké láàárín gbọ̀ngán. Orúkọ fíìmù jáde, ó lọ, ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń dúró. Àwòrán tó tẹ̀ lé e dé: odò ni, oòrùn ti yọ, ọmọbìnrin náà ń bọ́jú. Mo rí ìgbà tó yé e. Ọrùn ẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó dùn mí wọ eegun.

Ọmọ ẹ̀ obìnrin, tó ti fọwọ́ bojú látìgbà tí ilẹ̀kùn ti fara hàn, yọ ojú kan láàárín ìka.

"Dádì, ibo lẹ wà níbẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n mi dáhùn pé, "Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

Ọmọ náà wò ó dáadáa, ó sún kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀ díẹ̀. "Kí wọ́n má ṣí i o."

"Wọn ò ní ṣí i," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. Kò bojú wẹ̀yìn. "Mo mọ ẹni tó tì í."