Òjò Inú Ìgò

Ọ̀gbẹ́ni Ọláfẹ́mi, tíṣà sáyẹ́ǹsì níléèwé ọmọ mi ní Aládé, nílẹ̀ Ìdànrè, kì í pe nǹkan lórúkọ rẹ̀. Ìgò oníke tí wọ́n gé lórí, tí wọ́n fi máákà fa ìlà sí lára láti fi wọn òjò, "ohun èlò ìjìnlẹ̀ ìmọ̀ àyíká" ló ń pè é.

Orí àpáta ẹ̀yìn iléèwé ni wọ́n gbé e sí. Kíkẹ́lọmọ, ọmọ mi, ló ń lọ wò ó láràárọ̀, tó ń sọ ibi tí omi dé fún kíláàsì, tó sì ń dà á nù. Tíṣà ṣèlérí pé ẹni tó bá ṣe é dópin táàmù ni yóò ṣojú iléèwé níbi ìdíje sáyẹ́ǹsì ní Àkúrẹ́. Ọmọ náà ò tíì dé Àkúrẹ́ rí. Ó ti fọ bàtà rẹ̀ sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìgò kún dẹ́nu. Kíkẹ́lọmọ ní òjò kò rọ̀. Tíṣà ní ìgò kì í purọ́, ojú ọjọ́ ló ti yí padà. Ó ya fọ́tò, ó fi sórí Wasáàpù. Ọmọ mi ní, "Sà, kòkó tí màámi sá mọ́jú ò tutù."

Ní Ìdànrè, níbi tí òjò kì í ti í kan páànù kí olóko má fò dìde lórí ẹní lọ kó kòkó rẹ̀, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Tíṣà ò tilẹ̀ wo ilẹ̀ gbígbẹ tó dúró lé. Ó ní ọmọ náà kò ní làákàyè sáyẹ́ǹsì, ó sì gbé ipò rẹ̀ fún Happiness, ọmọ kíláàsì rẹ̀ tó gbà pé òjò rọ̀, àní pé àrá sán.

Níjọ́ ìpàdé òbí, tíṣà ròyìn òjò náà títí itọ́ fi ń ta lẹ́nu rẹ̀. Àwọn baba ń mi orí sí ohun tí kò yé wọn. Mo dìde, mo béèrè ẹni tí òjò náà lu páànù rẹ̀. Àwọn baba ò mi orí mọ́.

Ìyá Ọlọ́runṣọlá, aládùúrà tó máa ń gun àpáta náà lọ gbàdúrà, béèrè irú ìgò tí à ń sọ. Wọ́n gbé e wá. Ó ní òun rí i lófìfo, òun rò pé omi àdúrà ẹnì kan ló gbẹ, òun sì rọ omi kún un kí ìbùkún onítọ̀hún má baà dín.

"Tíṣà, omi mi lẹ̀ ń pè lójò?"

Ẹ̀rín gba yàrá. Tíṣà ní ìdánwò ni, òun ń wá ọmọ tó lè dúró lórí òtítọ́, Kíkẹ́lọmọ ni yóò sì lọ Àkúrẹ́. Irọ́ gbuu. Mo jẹ́ kó kọjá, torí ó ṣe ọmọ mi láǹfààní. Ṣùgbọ́n mo bá a lẹ́nu ọ̀nà.

"Tíṣà, bí ẹ bá dé Àkúrẹ́, ọmọ yìí ni kó sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ẹ gbé ìgò."