Kí Ni Ìyàwó Yóò Pè Mí?

Ẹnu ọ̀nà ni ọ̀rọ̀ náà ti bàjẹ́, kí ìyàwó tó gbé ẹsẹ̀ kan wọlé.

Omi ti wà nínú abọ́. Àwọn obìnrin ilé ti tò sí ọ̀tún àti òsì. Abdulfatah, tí ó mú ìyàwó rẹ̀ tuntun wá láti Èkó nítorí Iléyá, dúró lẹ́yìn pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́, ó ń làágùn. Ní agboolé wọn ní Òmù-Àrán, àgbà nínú àwọn ọmọ ilé obìnrin ni í máa ń da omi sí ìyàwó lẹ́sẹ̀. Bí kò bá tíì dà á, ìyàwó ò gbọdọ̀ wọlé, òjò ìbáà máa rọ̀. Àgbà náà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú abọ́. Ni ìyàwó bá kúnlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ ṣeun gan-an ni, Àǹtí Asisat."

Àwọn obìnrin ilé wo ara wọn lójú.

Ìyàwó rò pé òun ti ṣe dáadáa. Ní Èkó, bí ènìyàn bá ti fi "àǹtí" ṣáájú orúkọ àgbà, ó tán. Ṣùgbọ́n nílé yìí, ìyàwó kì í pe orúkọ ẹnikẹ́ni tí ó bá nílé ọkọ, kódà kí ó jẹ́ ọmọ tí ó ṣì ń tọ̀ sára. Ìyàwó fúnra rẹ̀ ni yóò wá orúkọ mìíràn fún olúwarẹ̀. Asisat dìde, ó da omi náà sí gọ́tà.

"Ẹ gbọ́ o! Ó pe orúkọ mi gbàgà bí ẹni pé inú kíláàsì la wà! Ọjọ́ tó bá mọ ohun tí yóò máa pè mí ni n ó da omi. Bí kò bá sì mọ̀ ọ́n, kó padà s'Ékòó. Ọkọ̀ ò wọ́n ní gáréèjì!"

Jàrátù, ìyá Abdulfatah, dúró bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Ilé Ìyá Sarah, aládùúgbò wọn, ni wọ́n mú ìyàwó lọ láti sùn. Iléyá sì ti sún mọ́lé. Bí ọdún bá kọjá láìda omi, Abdulfatah yóò padà síbi iṣẹ́, gbogbo ìlú yóò sì máa wí i pé ìyàwó ọmọ Jàrátù dé ẹnu ọ̀nà, ó yí ẹ̀yìn padà. Abdulfatah ní ọ̀rọ̀ obìnrin ni, ó sì bá tirẹ̀ lọ sí Omupo lọ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó náà, Inúmidùn lorúkọ rẹ̀, wá bá Jàrátù ní àtíbàbà tí ó ti ń yan gàrí lẹ́yìn ilé. Ó jókòó ti òkìtì ẹ̀gẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó o, ó sì ń bó ẹran ara ẹ̀gẹ́ mọ́ èèpo. Jàrátù wò ó, ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n ṣe iṣẹ́ tèmi díẹ̀ nígbà náà."

Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé ó ń kọ́ àwọn ènìyàn ní Gẹ̀ẹ́sì lórí fóònù. Láràárọ̀ ni ó ń gbà wọ́n nímọ̀ràn lórí bí ènìyàn ṣe lè gbé ayé ire, tí ó sì ń fi àkànlò èdè Gẹ̀ẹ́sì kan sínú rẹ̀. Ó gbé fóònù sẹ́nu. "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Ìmọ̀ràn tòní ni pé, *don't burn the candle at both ends*."

"Kí nìyẹn?" ni Jàrátù béèrè.

"Ẹ má tan iná sí àbẹ́là lórí kí ẹ tún tàn án nídìí. Pé kí ènìyàn má ṣe fi ọ̀sán ṣiṣẹ́ kó tún fi òru ṣe é. Kó máa sinmi."

"Sọ fún wọn pé kí wọ́n máa sinmi."

"Mọ́mì, Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń kọ́ wọn."

"Ta ló ń tan iná sí àbẹ́là nídìí? Ibo ni yóò ti dì í mú?"

Jàrátù ò kọ̀ pé kí ènìyàn kọ́ èdè o. Ara páálí ọṣẹ àti ara ìgò oògùn ni òun náà ti kọ́ ìwé kíkà fúnra rẹ̀. Ohun tí ó kọ́kọ́ kíyè sí níbẹ̀ ni pé oògùn tí kò ṣiṣẹ́ gan-an ni ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ máa ń dùn jù. Láti ìgbà náà, bí ọ̀rọ̀ bá ti dùn jù, á ti máa wo ọwọ́ ẹni tó ń sọ ọ́.

"Òmíràn ńkọ́? Èyí tí wọ́n fi ń ní kí ènìyàn ṣe sùúrù?"

"*Hold your horses*. Di ẹṣin rẹ mú."

Bí ó ti sọ ọ́ tán, Bùkárì, àbúrò Abdulfatah, ré kọjá lórí ọ̀kadà bí ìjì, eruku sì bo gbogbo gàrí tí ó wà lórí àtẹ.

"Èyí dára," ni Jàrátù wí. "Mo fojú mi rí i. Di ẹṣin rẹ mú, ìwọ ọmọ yìí!"

Bùkárì yí padà láti wá tọrọ àforíjì. Kí ó tó sọ̀ kalẹ̀, Inúmidùn ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, Ẹlẹ́ṣin-rọra."

"Èmi? Ìyàwó wa, tún un pè!" Ó tún un pè. Kí ó tó di ọ̀sán, gbogbo ọlọ́kadà tó wà ní ìkòríta ló ti ń pe Bùkárì ní Ẹlẹ́ṣin-rọra. Kò sì dín eré kù.

Inú Inúmidùn dùn. "Ó ti yé mi, Mọ́mì. Ti Àǹtí… ti wọ́n, mo ti ní i. *Apple of my eye*. Ẹyinjú mi."

"Irọ́."

"Mọ́mì!"

"Àná lẹ ríra, ó sì da omi rẹ sí gọ́tà. Báwo ló ṣe di ẹyinjú rẹ? Yóò mọ̀ pé ò ń tan òun ni."

"Kí lẹ̀yin ń pè wọ́n?"

"Ìdílẹ̀kẹ̀. Ìdí ṣì wà níbẹ̀ nígbà náà."

"Ẹ yá mi, ẹ jọ̀ọ́."

"Ṣé abẹ́rẹ́ ni? Ìyàwó kì í yá orúkọ nílé yìí. Pa fóònù yẹn, kí o wo obìnrin náà dáadáa. Ojú rẹ ni kó bá ọ wá orúkọ."

Láti àtíbàbà, ènìyàn a máa rí àgbàlá. Asisat wà níbẹ̀, ó ń pariwo lé Bàbá Àhmádù, ẹ̀gbọ́n bàbá wọn tí kò ríran mọ́. "Ẹ la ẹnu! Ṣé èmi ni mo bí yín ni? Ojoojúmọ́, wàhálà!" Ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìlú Rore. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń pariwo náà ni ó ń gé iṣu sí wẹ́wẹ́, tí ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i kí ó má baà jó bàbá lẹ́nu. Inúmidùn wò ó títí.

Nígbà tí ó yá, ó ní, "Mọ́mì, mo gbàgbé. Ẹ ṣé fún oúnjẹ alẹ́ àná."

"Oúnjẹ wo? Ìyá Sarah ní òun ti fún ọ lóúnjẹ."

"Èyí tí wọ́n gbé sí ẹnu ọ̀nà wọn. Abọ́ aláwọ̀ ewé, tí wọ́n fi gèlè aláwọ̀ sánmà dì."

Jàrátù fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó mọ gèlè náà. Ẹni tó ni ín ni ó dúró ní àárín àgbàlá lánàá tí ó ń búra pé ìyàwó ò ní tọ́ oúnjẹ ilé yìí wò. Ó nawọ́ sí àgbàlá. Inúmidùn wo ibi tí ó nawọ́ sí, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Mọ́mì! *Her bark is worse than her bite!*"

"Kí nìyẹn?"

"Gbígbó rẹ̀ ló burú, kì í bu ènìyàn jẹ tó bẹ́ẹ̀."

"Kí ló ń gbó?"

Ohùn Inúmidùn lọ sílẹ̀. "Ajá."

"Ajá! O fẹ́ pe ọmọ ilé ní ajá! Lọ́jọ́ Iléyá! Ìwọ ni wọn yóò dúńbú, wọn á tú àgbò sílẹ̀!"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú wọn. Nígbà tí wọ́n sinmi, Inúmidùn ní kí òun kúkú lo *salt of the earth*, iyọ̀ ayé, tí wọ́n fi ń pe ènìyàn gidi.

"Ó dùn," ni Jàrátù wí. "Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù."

Lọ́jọ́ Iléyá, lẹ́yìn tí àwọn ọkùnrin ti Yídì dé tí wọ́n sì ti dúńbú àgbò, Jàrátù bu omi sínú abọ́, ó gbé e síwájú Asisat lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo ilé péjọ. Wọ́n gbé àga Bàbá Àhmádù jáde.

"Ìdílẹ̀kẹ̀ mi, ìyàwó dé."

"Ìyàwó wo? Tíṣà yẹn? Kí ni ìyàwó yóò pè mí? Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ kí gbogbo ayé gbọ́!"

Inúmidùn kúnlẹ̀. "Iyọ̀…" ni ó bẹ̀rẹ̀. Ní àkókò yẹn ni Asisat ti ìka bọ inú omi.

"Ta ló bu omi yìí?" ni ó kígbe. "Omi tútù nini báyìí! Ṣé ẹ fẹ́ kí òtútù mú ọmọ ọlọ́mọ ni? Kò sí omi gbígbóná nílé yìí?" Ìgbà náà ni ó rántí pé òun ń bínú. Ó pa ẹnu dé.

Inúmidùn gbé iyọ̀ náà mì. Ó gbójú sókè.

"Ariwo-ò-dénú," ni ó wí. "Ẹ kú ọdún, Ariwo-ò-dénú mi."

Ẹ̀rín Bàbá Àhmádù ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́.

"Ó rí i!" ni bàbá wí. "Èmi tí n ò ríran, ó ti pẹ́ tí mo ti rí i!"

"Ta ló ń pariwo?" ni Asisat fi igbe béèrè. "Èmi! Èmi ń pariwo?" Ẹ̀rín sọ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Asisat wò yíká, ó gbìyànjú láti fajú ro, ojú kọ̀ fún un. Wọ́n gbé omi gbígbóná dé. Ó lú u pọ̀, ó tún ti ìka bọ̀ ọ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Gbé ẹsẹ̀ wá. Wo ẹsẹ̀! Ṣé wọn kì í fi ìpara pa ẹsẹ̀ ní Èkó ni?" Ó ń pariwo, ó sì ń rọra da omi náà, ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹsẹ̀ òsì. Etí ìró rẹ̀ tuntun ni ó fi nu wọ́n.

Inúmidùn wọlé. Asisat dì í lọ́wọ́ mú lórí ìloro.

"Dúró ná. Orúkọ mi yìí, kí ni wọ́n ń pè é lédè Gẹ̀ẹ́sì? Mo fẹ́ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ yunifásítì tó ń ra ọṣẹ lọ́wọ́ mi."

Inúmidùn rántí ajá, ó wo ìyá ọkọ rẹ̀. Jàrátù, tí kò fi oyin sọ́rọ̀ rí láyé rẹ̀, gbé abọ́ òfìfo náà nílẹ̀ kíá.

"Kò ní Gẹ̀ẹ́sì, Ìdílẹ̀kẹ̀ mi. Ọ̀rọ̀ náà ti dùn ju Gẹ̀ẹ́sì lọ." Ó ti ìyàwó ọmọ rẹ̀ síwájú, ó sì tẹ̀ lé e wọlé kí ọmọ náà tó la ẹnu.