Èdè Tí A Fi Ń Jà

Nílé wa, a kì í fi Yorùbá jà. Ọkọ mi ló ṣe òfin náà lọ́dún tí a kó dé ìlú yìí. Ó ní Yorùbá ti mú jù lẹ́nu àwa méjèèjì, pé ẹni tí inú bá ń bí kó lọ fi èdè àdúgbò sọ ọ́. Èdè àdúgbò ọ̀hún, ká sòótọ́, a ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ọ. Èdè ìjọba ni ọkọ mi fi ń bá àwọn oníbàárà rẹ̀ sọ̀rọ̀, torí fíríìjì ló ń tún ṣe. Èmi ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì, ọ̀gá mi sì ti ìlú ọ̀tọ̀ wá, èdè tirẹ̀ ló fi ń jágbe mọ́ wa láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ti àdúgbò ló ṣe ìkẹta, èyí tí a fi ń ra tòmátì.

Ìdí nìyẹn tí ìjà wa kì í fi í pẹ́. Lọ́jọ́ kan tó fi bàtà ẹlẹ́rẹ̀ tẹ ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù, mo wá èébú títí, "àlùbọ́sà ńlá" nìkan ni mo rí. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Ìwọ, ọ̀dùnkún tútù." A rẹ́rìn-ín títí a fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ní Yorùbá, "ẹ" ni mo ń pè é. Ní èdè àdúgbò, àlùbọ́sà ni.

Àwọn kánnàkánnà orí òrùlé ọ̀ọ́kán máa ń wò wá láti ojú fèrèsé. Wọ́n mọ ìgbà tí mo ń ti ibi iṣẹ́ dé, nítorí èérún búrẹ́dì àpò mi, wọn ò sì bi mí pé èdè wo ni mo gbọ́. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kan náà wà tó ń gba ẹ̀yìn àwọn garawa ìdọ̀tí kọjá ní ìdájí, tó ń rìn bí ẹni tó wá gba owó ilé. Mo máa ń kí i pé, "Ẹ kú ìrìn o." Kò dáhùn rí, ṣùgbọ́n kì í sá. Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, tí a bá yọ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kúrò, ọkọ mi nìkan ló kù tí mo ń bá sọ Yorùbá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, ó pẹ́ gan-an kó tó wọlé. Mo gbé ìjà kalẹ̀ bí òfin ṣe wí. Mo wọ́ èdè àdúgbò tuurutu: "Ìwọ pẹ́. Oúnjẹ tutù. Èmi bínú." Mo ń retí kí òun náà máa kọsẹ̀ kiri.

Kò kọsẹ̀. Ó dá mi lóhùn wàràwàrà, pé ó ti rẹ òun, kí n jọ̀ọ́ má bínú, èmi tí mo dára. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ níparí, bí àwọn obìnrin àdúgbò yẹn ṣe máa ń ṣe tí wọ́n bá ń pẹ̀tù sí ọkọ wọn nínú lórí àtẹ̀gùn. Kò wá ọ̀rọ̀ kankan. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ò wá a.

"Níbo lẹ ti kọ́ ọ?" Mo bi í ní Yorùbá.

"Níbi iṣẹ́."

"Èdè ìjọba lẹ fi ń ṣiṣẹ́."

Ó wolẹ̀. Èèyàn lè kọ́ orúkọ wáyà àti ìṣó lẹ́nu oníbàárà, ṣùgbọ́n kò sí fíríìjì tó ń kọ́ni bí a ṣe ń ṣìkẹ́ obìnrin. Tíṣà obìnrin kan wà lópòópónà kejì tí fíríìjì tirẹ̀ ń bàjẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, pé kí wọ́n kúkú sin fíríìjì náà.

"Ṣé tíṣà yẹn ni?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn ní èdè àdúgbò. Mo ní, "Rárá. Ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá."

"Mi ò lè sọ ọ́ ní Yorùbá. Tí mo bá sọ ọ́ ní Yorùbá, á dà bíi pé ìyá mi jókòó síbí, tó ń gbọ́."

"Ẹ ṣáà sọ ọ́."

"Òun ni. Mo fẹ́ lọ máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀."

Ọkàn mi bàjẹ́. Mo sunkún títí imú mi fi dí. Òun náà sunkún, mo sì bínú sí ẹkún rẹ̀ ju ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ó kó aṣọ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Lẹ́yìn náà mo kàn ń ti inú èdè kan bọ́ sínú òmíràn. Mo gba ìbáwí ní èdè ibi búrẹ́dì, mo yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lórí ìwé ilé ní ti ìjọba, mo ra tòmátì ẹnìkan ṣoṣo ní ti àdúgbò. Nígbà tó yá, mo gbọ́ tí mò ń dá sọ̀rọ̀ lẹ́bàá sítóòfù, tí mò ń wá iyọ̀, èdè ọ̀gá mi ni mo fi ń wá a. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Lọ́jọ́ kan, ọkọ mi padà wá mú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Mo ti múra èdè ìjọba sílẹ̀ dè é, irú èyí tí wọ́n fi ń lé èèyàn lọ́fíìsì.

"O kúulé," ó ní.

"Ẹ káàbọ̀." Ẹnu mi ti dáhùn kí n tó mọ̀.

Àpótí náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo da aṣọ òtútù mi bò ó. Mo sọ fún un pé mi ò mọ ibi tí mo gbé e sí, kó júwe rẹ̀ fún mi. Ó júwe rẹ̀: ó pupa, ọwọ́ rẹ̀ kan ti kán, okùn ni wọ́n fi so ó. Èmi ni mo so ó. Mo béèrè ẹ̀yìn tó ń dùn ún. Mo béèrè bóyá òjò ti dá. Ó ń fèsì gbogbo rẹ̀ ní pẹ̀lẹ́, mo fara ti ògiri, mò ń gbọ́. Mi ò mọ̀ bóyá òun ni mo fẹ́ kó dúró, àbí ohùn yẹn.

Ó rí etí àpótí náà lábẹ́ aṣọ. Ó wò mí, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé e.

"Ó dàbọ̀," ó ní.

Mo di ilẹ̀kùn mú. Ohun tí mo máa ń sọ fún un nígbàkigbà tó bá ń jáde nílé ló bọ́ lẹ́nu mi. "Ẹ tètè dé o."

Ó dúró lórí àtẹ̀gùn, ó kẹ̀yìn sí mi. Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ tó ń sọ̀ kalẹ̀.