Ọwọ́ Káńsẹ́lọ̀

"Gbé ọwọ́ ẹ sókè kí n wò ó," ni Mìsítúrà wí, píìnì láàárín ètè rẹ̀.

Sherifdeen na ọwọ́ ọ̀tún sókè láàárín ìsọ̀ ìránṣọ kékeré náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gílóòbù. Jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ búlúù náà kò fà, kò ká sókè. Mìsítúrà ti tú apá rẹ̀, ó sì ti tún un gé, nítorí ọwọ́ yìí nìkan.

"Ṣé o rí i? Ó ń lọ geere."

"Gbogbo ohun tó o bá ti fọwọ́ kàn ló máa ń lọ geere," ni Sherifdeen fèsì, ó sì rín ẹ̀rín tó máa ń mú kí Mìsítúrà gbàgbé ibi tó fi sísọ́ọ̀sì sí. Òórùn lọ́fínńdà rẹ̀ gba gbogbo ìsọ̀ náà.

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ ní sùúrù o!" Ìyá Bàrákàt ló ké láti ìsọ̀ òdìkejì, opó tó ń ta ata àti ẹja gbígbẹ. "Ẹ jẹ́ kí Lémọ́ọ̀mù so yìgì yẹn ná!"

"Mummy, aṣọ ló ń wọ̀n fún mi o."

"Mi ò fọ́jú. Ìyàwó mi, wọ̀n ọ́n dáadáa, kó má lọ sọ́dọ̀ télọ̀ míì!"

Gbogbo ìlà ìsọ̀ náà bú sẹ́rìn-ín. Nínú ọjà tó wà nínú ilé kan lẹ́yìn Rye Lane nílùú Òyìnbó yìí, tí gbogbo wọn ń pè ní Inside, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ bí Sherifdeen ṣe bẹ̀rẹ̀. Báàgì kan ló gbé dé láti Ìlọrin, léèsì ló sì ń kiri láti Peckham títí dé Stockwell, nínú òjò, nínú yìnyín. Ìyá Bàrákàt ló yọ̀ǹda ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ rẹ̀ fún un kó máa pàtẹ. Léèsì di ṣọ́ọ̀bù, ṣọ́ọ̀bù di méjì. Nígbà tó wá ní òun fẹ́ di káńsẹ́lọ̀, Mìsítúrà ló di ọwọ́ rẹ̀ mú láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. "Ẹ dìbò fún un nítorí tèmi," ló ń bẹ̀ wọ́n. Wọ́n sì dìbò.

Nísinsìnyí, àwọn akọ́lé kan fẹ́ wó Inside, kí wọ́n kọ́ ilé gogoro síbẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni ìgbìmọ̀ káńsù máa dìbò lórí ọ̀rọ̀ náà, Sherifdeen sì wà lára wọn.

"Òyìnbó tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ máa ń lọ́ mọ́ra jù," ni Ìyá Bàrákàt wí. "Báwo la ṣe máa mọ̀ pé a ti borí?"

"Mummy, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Ọwọ́ mi ni kẹ́ ẹ máa wò. Tẹ́ ẹ bá ti rí i lókè, tiyín ni mo gbé e sókè fún."

Ní gbọ̀ngàn ìpàdé, àwọn ará ọjà kún ìjókòó ẹ̀yìn. Mìsítúrà, tó kàwé ní Peckham láti kékeré, gbọ́ ohun tí alága sọ yékéyéké. Àwọn òṣìṣẹ́ káńsù dábàá pé kí wọ́n gba àwọn akọ́lé láyè. Ẹni tó bá fara mọ́ àbá náà, kó gbé ọwọ́ sókè.

Ọwọ́ díẹ̀ lọ sókè. Kò tíì tó. Sherifdeen tẹjú mọ́ tábìlì.

"Má gbé e," ni Mìsítúrà sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ìfẹ́ mi, jọ̀ọ́, má gbé e."

Ọwọ́ náà lọ sókè. Ó lọ geere. Jákẹ́ẹ̀tì náà kò fà, kò ká.

Lẹ́yìn Mìsítúrà, àtẹ́wọ́ bú. "Àlùbáríkà!" Uncle Làtíìfù tó ń tún fóònù ṣe ti fò dìde. Ìyá Bàrákàt ń fi etí ìbòrí nu omijé ayọ̀. Alága ń wò wọ́n tìyanu-tìyanu. Sherifdeen náà wò wọ́n.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni Ìyá Bàrákàt ti mú ọwọ́ Sherifdeen, tó sì gbé e lé orí ìbòrí rẹ̀.

"Ọwọ́ yìí ò ní rọ láéláé. Bó o ṣe bo àṣírí opó yìí, Ọlọ́run á bo tìẹ."

"Àmín, Mummy," ni Sherifdeen wí.

Àmín yẹn ló gún Mìsítúrà lọ́kàn ju ìbò lọ. Ó fà á lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

"O lè ṣe àmín?"

"Olólùfẹ́, fetí sílẹ̀. Bó pẹ́ bó yá, wọ́n máa wó o náà ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fún wa ní ṣọ́ọ̀bù iwájú nínú ilé tuntun yẹn. Tìẹ ni. Gíláàsì ni gbogbo iwájú ẹ̀."

"Ta ló fún wa?"

Sherifdeen sún mọ́ ọn. Ó fi ọwọ́ pa á lẹ́rẹ̀kẹ́. Òórùn ẹja gbígbẹ láti ara ìbòrí Ìyá Bàrákàt ti lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ti bo lọ́fínńdà mọ́lẹ̀.

"Jẹ́ kí wọ́n yọ̀ tòní ná," ló wí. "Kí nìyẹn máa pa lára?"

Mìsítúrà gbọn ọwọ́ náà dànù, ó padà sáàárín wọn.

"Mummy, ẹ má ṣàdúrà fún un mọ́. Wọ́n máa wó ọjà. Ohun tó gbọ́wọ́ sókè fún nìyẹn."

Ìyá Bàrákàt wá ojú Sherifdeen, àmọ́ ẹ̀yìn jákẹ́ẹ̀tì búlúù ló rí, ó ń wọ inú líìfùtì lọ. Ó wá yíjú sí Mìsítúrà.

"Ìwọ lo mú un wá bá wa."

Mìsítúrà kọ yìgì, ó kọ ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì. Ẹnikẹ́ni nínú àwọn ará ọjà ò bi í bóyá ó kọ̀ wọ́n. Surrey Quays, ní àdúgbò míì, ló ti ń gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò kúrú báyìí, fún àwọn alágbàfọ̀.

Nígbà tí òtútù dé, pákó ti yí Inside ká, wọ́n sì lẹ àwòrán Sherifdeen gàgàrà mọ́ ọn: akoto àwọn kọ́lékọ́lé lórí rẹ̀, jákẹ́ẹ̀tì búlúù lọ́rùn, ọwọ́ ọ̀tún lókè, ó ń juwọ́ sáyé. Lábẹ́ àwòrán náà, Ìyá Bàrákàt kó ata sínú kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti ọmọ ọwọ́, kó lè tètè tì í sá bí àwọn ẹ̀ṣọ́ káńsù bá yọ.

Mìsítúrà kúnlẹ̀ sórí títì tútù náà.

"Ẹ káàárọ̀, Mummy."

Ìyá náà wò ó títí. Ó fa ọ̀rá dúdú kan yọ, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu kó lè là.

"Kọ́sítọ́mà, ata wo lẹ fẹ́?"