Asẹ́ Gíà Ọkọ̀ Amooti

Ní ìlú Hoima tiwa yìí, orúkọ ìkẹ́ la fi ń pe ara wa. Adyeeri ni tèmi. Ẹni tó bá pè mí ní Kabahuma gan-an, inú ló ń bí i.

Amooti, agbẹ̀bí ilé ìwòsàn kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń tún ọkọ̀ ṣe, gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọkọ̀ yẹn nìkan ló ń gbé aláboyún tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá le lọ sí ọsibítù ńlá. Ó ní tóun bá fi í sí gíà, á kọ́kọ́ rò ó kó tó gbéra. Mo ní asẹ́ gíà, èyí tó ń sẹ́ ìdọ̀tí kúrò nínú ọ́ìlì rẹ̀, ló dí, kí n pààrọ̀ òun àti ọ́ìlì rẹ̀. Araali ọ̀gá mi kọ̀. Ó ní a kì í da ọ́ìlì gíà ọkọ̀ àgbàlagbà nù, torí ìdọ̀tí inú rẹ̀ ló ń jẹ́ kó ṣì máa rìn. Mo bi í bóyá ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó nìyẹn, àbí ohun tó kàn gbọ́ níbẹ̀. Ẹnu mi máa ń yá ju ọwọ́ mi lọ.

Láìka ìkìlọ̀ rẹ̀ sí, mo tú abọ́ ìsàlẹ̀ gíà, mo fa asẹ́ náà yọ, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Bí mo ṣe ń nu abọ́ ni Amooti sáré dé. Obìnrin kan ti ń rọbí láti àná, ọmọ sì dábùú nínú rẹ̀. Ọ̀kadà ò lè gbé e. Mo ti asẹ́ tuntun wọlé, mo de abọ́ padà, mo rọ ọ́ìlì. Bí mo ṣe sọ ọkọ̀ kalẹ̀ lórí jáàkì ni wọ́n gbé obìnrin náà sẹ́yìn rẹ̀.

Mo fi í sí D kó lọ síwájú. Ẹ́ńjìnnì ń kùn, ọkọ̀ ò mira. Mo fi í sí rìfáàsì, ibi tó wà náà ló wà. Obìnrin náà ń kérora lẹ́yìn mi.

“Kabahuma,” Araali wí. “Ṣé mi ò sọ fún ẹ?”

Mo yọ asẹ́ àtijọ́ nínú garawa ìdọ̀tí, mo wo ọrùn rẹ̀. Òrùka rọ́bà rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ó ti lẹ̀ mọ́ inú ihò gíà lókè, èmi sì ti asẹ́ tuntun lé e lórí láìwò. Rọ́bà méjì ò jẹ́ kí asẹ́ jókòó dáadáa, afẹ́fẹ́ ni gíà ń fà dípò ọ́ìlì.

Wọ́n gbé obìnrin náà sọ̀kalẹ̀. Mo tún tú gbogbo rẹ̀, ọ́ìlì ń ṣàn sí mi lápá, ẹ̀rù sì ń bà mí débi pé mo ń gbàdúrà sókè. Araali ń na sípánà sí mi. Ogójì ìṣẹ́jú kọjá kí ọkọ̀ tó gbéra, kí Amooti tó lè gbé obìnrin náà lọ.

Nírọ̀lẹ́, Amooti padà dé. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ, ìyá àtọmọ wà láàyè. Ó ń dúpẹ́ pé mo tètè rí ohun tó bàjẹ́. Araali wò mí.

“Kò bàjẹ́, Amooti,” mo ní. “Èmi ni mo bà á jẹ́. Ogójì ìṣẹ́jú yẹn, ọwọ́ mi ló ti wá.”

Amooti ní dókítà sọ pé ká ní wọ́n tún pẹ́ díẹ̀ sí i, òkú ọmọ ni wọn ì bá gbé jáde.

“Gba kọ́kọ́rọ́,” ó ní. “Ìyá ọkọ obìnrin náà ń dúró kí n gbé òun lọ sí ọsibítù. Ìwọ ni kó o gbé e, kó o sì fẹnu ara ẹ sọ ohun tó o ṣe fún wọn.”

Mo gbé ìyá àgbà náà. Gbogbo ọ̀nà ló ń fi àdúrà rọ̀jò lé mi lórí fún ọkọ̀ tí mo tún ṣe, èmi sì ń wá ọ̀rọ̀ tí mo máa fi bẹ̀rẹ̀.