Táápẹ́ẹ̀tì Ọjọ́bọ̀

Otilia tún gbé ọwọ́ lé ẹ́ńjìnnì náà, ó ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ta ló rán bàbá rẹ̀ níṣẹ́ pé bó bá ti to táápẹ́ẹ̀tì, àwọn irin kéékèèké inú ẹ́ńjìnnì, tán, kó máa tan mọ́tò, kó sì dẹ etí sí i bí ẹni ń gbọ́ orin? Ẹ́ńjìnnì tó gbóná kò ṣeé wọ̀n. Ooru a máa mú irin wú, ohunkóhun tí géèjì tí wọ́n fi ń wọn àlàfo bá sì sọ fún ọ nígbà náà, irọ́ ni. Àfi kéèyàn dúró, Otilia kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń dúró. Ó nu sípánà tó ti nù tẹ́lẹ̀. Ó lọ sí ẹnu géètì, ó wo òkè, ó padà wá.

"Ẹ jókòó, Ìyá Ìsàmì," ni Crescencio wí. Òun ló ni mọ́tò náà, Otilia sì ni ìyá ìsàmì ọmọbìnrin rẹ̀, Yaretzi. Crescencio jókòó sórí garawa, ó ń bó ọsàn. "Ẹ̀ ń rìn bí adìẹ tó ń wá ibi tó máa yé sí."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó, ẹ máa jọsàn yín. Tí bàbá mi bá dé, ṣé ẹ̀yin lẹ máa ṣàlàyé?"

"Kí wọ́n dé ká má gbọ́? Mọ́tò wọn yẹn? Àwọn ará Iguala tó jìnnà yẹn gan-an á ti gbọ́."

Otilia kò rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni Crescencio sọ, òun fúnra rẹ̀ sì gbọ́kàn lé e. Mọ́tò bàbá rẹ̀ ló ń pariwo jù ní gbogbo ìlú Taxco. Bó bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè ni wọ́n á ti máa gbọ́ ọ, tàkà-tàkà-tàkà, bí ẹ̀rọ ìránṣọ tí kò rí epo. Nígbà náà ni Otilia á fi tapólì bo ohun tó ń ṣe, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́ rèé. Ní òkè tiwa níbí, mọ́tò ìjàpá funfun ni takisí, nítorí kò sí mọ́tò mìíràn tó lè gun òpópónà olókùúta wa tí kò ní fi ìhà nu ògiri ilé onílé. Ìjàpá kì í sì í ṣe mọ́tò ọ̀lẹ. Bí o kò bá to táápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ déédéé, á bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe. Bí àlàfo àárín àwọn irin náà bá fẹ̀ jù, wọ́n á máa gbá ara wọn. Bí ó bá há jù, mọ́tò yóò dákẹ́ jẹ́ẹ́, yóò sì jóná níkọ̀kọ̀. Bàbá Eleuterio, bàbá Otilia, ló ń tò ó fún gbogbo wa. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú là á gbé mọ́tò sí àgbàlá rẹ̀ kó lè tutù di àárọ̀. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, yóò tò ó, gbogbo wa á sì jókòó jẹ posole, ọbẹ̀ àgbàdo wa, nítorí Ọjọ́bọ̀ lọjọ́ posole. Kì í lo géèjì. Etí ló fi ń ṣiṣẹ́, kò sì sí ẹni tó jiyàn rí, torí mọ́tò tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde a máa lọ bí omi.

Àfi ìgbà òjò tó kọjá. Àwọn mọ́tò wá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo jáde láti àgbàlá náà. Bàbá á tan ẹ́ńjìnnì, á tẹ̀ síwájú, á di ojú, á ní, "Ó ti dákẹ́." Kò tíì dákẹ́ o. Ó ń kígbe bí ọmọ tí ebi ń pa. Àwọn awakọ̀ á wo ara wọn, wọ́n á ní, "Ẹ ṣeun, Ọ̀gá," wọ́n á jẹ posole. Ta ni yóò sọ ọ́? Ọkùnrin náà ti sin ìyàwó, ó ti sin àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Etí yìí ló kù tó fi ń yangàn.

Crescencio ló kọ́kọ́ gbé mọ́tò tirẹ̀ wá sọ́dọ̀ Otilia, ní ìsàlẹ̀. Bàbá Otilia ló kọ́ ọ níṣẹ́ náà láti kékeré, ṣùgbọ́n kò ní irú etí yẹn, ló bá ra géèjì, ó sì tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ aṣọ. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá jáde ní àgbàlá Bàbá, yóò pa ẹ́ńjìnnì, yóò fi jíà sí fúrì, yóò jẹ́ kí mọ́tò yí lọ fúnra rẹ̀ títí dé ọ̀dọ̀ Otilia, kí ẹ́ńjìnnì má baà tún gbóná sí i. Ohun kan ṣoṣo ni Otilia ń bẹ̀rù láyé yìí: kí bàbá òun lọ mọ̀. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Bó ṣe ń lo gbogbo Ọjọ́bọ̀ rẹ̀ nìyẹn.

Bricia, tó ń ta búrẹ́dì ní òdìkejì, gbé ìgbọ̀nwọ́ lé fèrèsé.

"Otilia, ọmọ tó ń tún iṣẹ́ bàbá ẹ̀ ṣe ní kọ̀rọ̀, olè ni àbí wòlíì?"

"Búrẹ́dì ẹ ń jóná, Bricia."

"Tèmi ń jóná, tìẹ ò tíì tutù. Ó dọ́gba."

Ẹ́ńjìnnì náà tutù níkẹyìn. Otilia tẹ́ páálí sílẹ̀, ó wọ abẹ́ mọ́tò, ó tú ìdérí. Ó ní kí Crescencio bá òun yí ẹ́ńjìnnì náà pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ títí àmì ara rẹ̀ fi bọ́ sí ibi tó yẹ. Ó ki ewé géèjì bọ àárín. Irin pẹlẹbẹ náà fẹ́lẹ́ bí ìwé. Ó gbọ́dọ̀ wọlé, kó sì máa fà díẹ̀, bí ìgbà tí ọmọdé kò fẹ́ kí o yọ ọwọ́ rẹ nínú tirẹ̀. Èyí kò fà rárá. Àlàfo náà fẹ̀ débi tó jẹ́ pé ewé méjì á wọlé pọ̀. Ó yí i, ó dè é, ó tún ki géèjì bọ̀ ọ́. Ó ti há. Ó kánjú, nígbà tó sì ń de nọ́ọ̀tì, ohun tó ti tò bá a yí. Ó pòṣé, ó tún un tú. Etí rẹ̀ wà lójú ọ̀nà, ọkàn rẹ̀ wà lókè, ìka rẹ̀ nìkan ló wà lẹ́nu iṣẹ́.

Sípánà jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí lọ. Ó na ọwọ́ síta láìwẹ̀yìn.

"Ẹ bá mi mú sípánà yẹn."

Wọ́n fi í sí i lọ́wọ́, orí rẹ̀ níwájú, bó ṣe yẹ kéèyàn fi lé ẹni tó wà lábẹ́ mọ́tò lọ́wọ́. Crescencio kò mọ irú ìyẹn ṣe. Otilia yí ojú, ó rí bàtà dúdú kan tí wọ́n kùn dáadáa. Ara rẹ̀ tutù ju ẹ́ńjìnnì lọ.

Ó jáde. Bàbá Eleuterio dúró, ó fi fìlà sábẹ́ abíyá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mọ́tò rẹ̀ wà lẹ́nu géètì, kò sì dún pínpín. Crescencio ti dìde lórí garawa, ọsàn wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ilé Crescencio wà lókè," ni Bàbá wí. Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ̀rọ̀ sókè jù. "Gbogbo yín nilé yín wà lókè, gbogbo yín lẹ sì ń yí wá sísàlẹ̀. Mo ní kí n wá wò ó. Èmi náà fi tèmi sí fúrì."

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n—"

"Kọjú sí mi kí n rí ẹnu ẹ. Ó ti tó ìgbà wo?"

Otilia nu ẹnu bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà dọ̀tí. "Láti ìgbà òjò."

"Ta ló mọ̀?"

Crescencio ló dáhùn, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. Bàbá fi ìka gbé e ní àgbọ̀n, bí ẹni ń wo eyín ẹṣin, títí ó fi tún un sọ. "Gbogbo wa, Ọ̀gá. A ò fẹ́ dójú tì yín."

Bàbá Eleuterio rẹ́rìn-ín díẹ̀. Kò bínú bí Otilia ṣe rò pé yóò bínú, ìyẹn gan-an ló sì dẹ́rù bà á.

"Ẹ wò ó. Ní kọ́nà ibi ẹ̀rọ omi, mọ́tò kan yọ sí mi. Díẹ̀ ló kù. Mo rí ọwọ́ awakọ̀ náà lórí fèrè, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ń bú mi. N ò gbọ́ nǹkankan. Mo máa ń sọ fún ara mi pé ariwo ẹ́ńjìnnì mi ni kì í jẹ́ kí n gbọ́ fèrè. Lónìí, ẹ́ńjìnnì mi kú, mi ò sì gbọ́." Ó yíjú. "Crescencio, ta ló gbé ọmọ ẹ lọ sílé ìwé láàárọ̀ yìí?"

Crescencio ń yí ọsàn ọwọ́ rẹ̀.

"Ìwọ ni mò ń bi."

"Ẹ̀yin ni, Ọ̀gá."

"Àná ńkọ́?"

"Ẹ̀yin náà ni."

"Ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá. Táápẹ́ẹ̀tì tó ń pariwo, ta ló pa rí? Ẹ kó ara yín jọ, ẹ ń tún ariwo ṣe. Kò sí ẹnì kan nínú yín tó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Èmi, etí mi ti di. Ẹ̀yin tí tiyín là ńkọ́?"

Bricia rọra kúrò lójú fèrèsé. Ìtìjú bo Otilia, ìbẹ̀rù sì tẹ̀ lé e. Láràárọ̀ ni mọ́tò yẹn ń kọjá níwájú ilé rẹ̀, tí Yaretzi á yọ orí láti ẹ̀yìn, tí òun á sì juwọ́ sí i. Inú rẹ̀ a máa dùn pé ariwo náà sọ ibi tí bàbá òun wà fún òun. Kò ronú lé fèrè rí, kò ronú lé kọ́nà rí.

Bàbá na kọ́kọ́rọ́ sí i. "Ilé ìwé ò ní pẹ́ jáde. Lọ gbé ọmọ náà."

Crescencio tẹ̀ lé e dé ẹnu géètì, ó yí padà. Ó jókòó sórí garawa, ó ń wo mọ́tò tirẹ̀ tí ìdérí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀.

Otilia wọ mọ́tò bàbá rẹ̀, ó tan ẹ́ńjìnnì. Ariwo náà gba gbogbo òpópónà, àwọn ẹyẹlé fò lórí òrùlé. Bàbá gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn mọ́tò náà, ó dúró bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà ló wá síbi fèrèsé.

"Ṣé ariwo ẹ̀ pọ̀?"

Otilia gbójú sókè kí bàbá rẹ̀ lè rí ẹnu òun. "Ó pọ̀, Bàbá. Ó pọ̀ gan-an."

Bàbá mi orí, ó sì bá a ti ilẹ̀kùn. Ní gbogbo kọ́nà títí dé ilé ìwé ni Otilia ti fọn fèrè, tó sì dúró gbọ́ bóyá ẹnìkan yóò dáhùn.